Òwúrọ̀ Kan Lọ́sẹ̀ fún Àwọn Ọmọ Wa: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àjọ SUBEB Ìpínlẹ̀ Èkìtì

Sí Alága àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ Àjọ SUBEB, tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì, Adó-Èkìtì. Sí àwọn Akọ̀wé Ètò Ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkẹ́rẹ́, Emùré, Ìsẹ̀/Ọ̀rùn àti Gbọ́nyìn. Sí ẹ̀yin ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ẹ̀yin òbí gbogbo.

Ẹ̀yin àgbà wa,

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni lẹ́tà yìí gbé wá. Mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ ya òwúrọ̀ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún gbogbo ọmọ tó wà ní jẹ́lé-ó-sinmi títí dé ìwé kẹta ní ilé ìwé ìjọba, kí wọ́n jáde kúrò nínú kíláàsì, kí wọ́n fara balẹ̀ wo ohun tó yí wọn ká, kí wọ́n fọwọ́ kàn án níbi tó bá ṣeé fọwọ́ kàn, kí wọ́n sì fi Yorùbá sọ ohun tí wọ́n rí, kí olùkọ́ tó kọ ọ̀rọ̀ kankan sójú pátákó. Ẹ̀bẹ̀ náà lè kéré lójú ẹni tó ń ronú owó, ilé tuntun àti kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n bí a bá tọpa ibi tí ẹ̀kọ́ ti ń sú ọ̀pọ̀ ọmọ wa, ibẹ̀ la ó dé: à ń fún ọmọ ní orúkọ nǹkan kó tó rí nǹkan náà, à ń fún un ní ìdáhùn nígbà tí ìbéèrè kankan kò tíì sí lọ́kàn rẹ̀.

Ẹ wo bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nípa kòkòrò. Olùkọ́ á fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sójú pátákó pé kòkòrò ní orí, ó ní àyà, ó ní ikùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́fà. Àwọn ọmọ á máa kà á tẹ̀lé e, wọn á fi kọrin, wọn á dà á kọ sínú ìwé. Bí ìdánwò bá dé, wọn á kọ ọ́ bó ṣe wà, wọn á gba máàkì. Eèrà sì ń tò lọ lára ògiri kíláàsì kan náà yẹn, kò sẹ́ni tó ní kí ọmọ kan sún mọ́ ọn kó ka ẹsẹ̀ rẹ̀. Nínú àwòrán lẹ́tà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, ápù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, zebra ni wọ́n fi parí. Ápù kì í hù lóko Èkìtì, zebra kò sí nínú igbó wa. Bẹ́ẹ̀, nínú igbó ọba tó wà ní Ìsẹ̀-Èkìtì, ìnàkí ń gbé: irú èyí tí kò sí níbòmíì láyé ju Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù lọ, tí iye rẹ̀ sì kéré jù lọ nínú gbogbo irú ìnàkí tó wà. Ọmọ tó ń gbé ní Ìsẹ̀, ní Emùré tàbí ní Àgbàdo lè ka ìwé mẹ́fà tán láìgbọ́ orúkọ ẹranko yìí lẹ́nu olùkọ́ rẹ̀ rí. Àwọn agégẹdú àti àwọn tó ń dáko wọ igbó náà kò dúró de ẹnikẹ́ni. Tí àwọn ọmọ yìí bá dàgbà láìmọ̀ pé nǹkan iyebíye wà lẹ́yìnkùlé wọn, kí ni wọn yóò fi dáàbò bò ó?

Kò dìgbà tí ọmọdé bá wọ igbó kó tó rí ohun tó yẹ kó kọ́. Ẹ jẹ́ ká mú kúlúsọ. Kò sí ilé ìwé kan ní gbogbo agbègbè yìí tí kò ní iyanrìn gbígbẹ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí lẹ́yìn ilé, kúlúsọ sì fẹ́ràn irú ibẹ̀. Yóò gbẹ́ kòtò kékeré kan tó rí bí àrọ, yóò rì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ nìkan ni yóò yọ síta díẹ̀. Eèrà tó bá gba etí kòtò yẹn kọjá, iyanrìn á yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó bá ṣe ń gbìyànjú láti gòkè ni kúlúsọ á máa ju iyanrìn lù ú láti ìsàlẹ̀, títí yóò fi já bọ́ sí i lẹ́nu. Ẹ ní kí ọmọ mẹ́rin jókòó yí kòtò kan ká, kí olùkọ́ má sọ nǹkan kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọn á béèrè ìdí tí etí kòtò fi ń yẹ̀. Ọ̀kan á fi ewé gbígbẹ tọ́ ọ wò bóyá kúlúsọ mọ̀ pé eèrà kọ́ nìyẹn. Òmíràn á da omi díẹ̀ sórí iyanrìn, yóò sì rí i pé iyanrìn tútù kò yẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá mú un jáde sórí pèpéle, wọn á rí i pé ẹ̀yìn ló ń rìn sí. Tí olùkọ́ bá wá sọ fún wọn pé kòkòrò tó ń rá pálá nínú iyanrìn yìí yóò hu ìyẹ́ lọ́jọ́ kan, tí yóò fò jáde ní ohun tó jọ lámilámi, wọn á fẹ́ mọ bí ìyẹn ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: wọ́n ti wò, wọ́n ti béèrè, wọ́n ti dá a wò, wọ́n ti jiyàn. Nígbà tí wọ́n bá wá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ orúkọ ẹ̀yà ara kòkòrò sójú pátákó, ọ̀rọ̀ náà ti ní ibi tí yóò balẹ̀ sí lọ́kàn wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlá ẹnìkan. Ní ọdún 1965, àwọn olùkọ́ àti onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè Áfíríkà mélòó kan pàdé ní Kánò, ibẹ̀ ni ètò ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì fún àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Áfíríkà ti gbéra, Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó kópa. Iyanrìn, omi, irúgbìn, kòkòrò àti agolo òfìfo ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ, kì í ṣe irinṣẹ́ òkèèrè. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí onímọ̀ ètò ẹ̀kọ́ kan tó ń jẹ́ Eleanor Duckworth lọ yẹ iṣẹ́ náà wò ní Kẹ́ńyà. Kò fún àwọn ọmọ ní ìdánwò orí ìwé. Ó kó oríṣiríṣi nǹkan kalẹ̀ fún wọn, ó ní kí wọ́n fi ṣe ohun tó bá wù wọ́n, ó sì ń kíyè sí wọn. Àwọn ọmọ tó ti wà nínú ètò náà rí ohun púpọ̀ ṣe, ìrònú wọn sì jinlẹ̀ ju ti àwọn tí kò sí nínú rẹ̀ lọ. Ohun tí mo rí dì mú níbẹ̀ ni pé ẹ̀kọ́ tó dá lórí wíwò kì í parí sórí ohun tí ọmọ wò lọ́jọ́ yẹn. Ó ń fún un ní ìgboyà láti dojú kọ ohun tí kò rí rí.

Èyí tó súnmọ́ wa jù ni ti Ilé-Ifẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Bàbátúndé Fáfúnwá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ìwé St. Stephen's tó wà ní Modákẹ́kẹ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú ló sì ń kọ́ wọn. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ kí wọ́n tó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí àbájáde dé, àwọn ọmọ Yorùbá ọdún mẹ́fà kò rẹ̀yìn níbì kankan. Wọ́n tayọ nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́, títí kan Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo èèyàn rò pé yóò pa wọ́n lára. Àwọn kan jiyàn pé olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó dáńtọ́ ló ran àwọn ọmọ náà lọ́wọ́. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ìyẹn gan-an ló sì fi hàn pé bí a bá fẹ́ kí ọmọ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì ló yẹ ká wá fún un. Kò yẹ ká fi Gẹ̀ẹ́sì dínà ìmọ̀ gbogbo nǹkan yòókù mọ́ ọn. Àwọn mìíràn ní owó Ford Foundation ló gbé ètò Ifẹ̀ ró, pé nígbà tí owó tán, ètò tán. Òótọ́ ni pé owó ṣe gudugudu méje níbẹ̀: wọ́n ní láti kọ ìwé tuntun fún gbogbo iṣẹ́. Ohun tí mò ń bẹ̀ fún kò tó ìdá kan nínú ìyẹn. Kò ní kí ẹ náwó sórí ìwé tuntun, kò sì sọ pé kí ẹ yí èdè gbogbo iṣẹ́ padà.

Mo mọ̀ pé àsìkò tí mò ń kọ̀wé yìí kò rọgbọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ̀rọ̀ Yorùbá nílé ìwé. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí wọ́n fi máa kọ́ni fún ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Túnjí Aláùsá, kéde ní Àbújá pé àwọn ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n fi máa kọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì. Ìdí tó sọ ni pé àwọn ọmọ ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB ní àwọn agbègbè tí wọ́n ti gbájú mọ́ èdè abínibí jù. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó yẹ ipò rẹ̀, ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ tó jókòó fún WAEC ní 2025 ti lo ọdún méjìlá nílé ìwé. Nǹkan bí ọdún 2013 ló wọ ìwé kìíní, ó sì ti kúrò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 2019. Ìlànà tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022 kò lè kan irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rárá. Tí ọmọ bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, ẹ jẹ́ ká béèrè bóyá olùkọ́ wà, bóyá ìwé wà, bóyá ohun tó ń kà yé e, ká tó gbé ẹ̀sùn lọ sí èdè ìyá rẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún kò tako àṣẹ Àbújá. Yorùbá ṣì jẹ́ iṣẹ́ kan lórí àtẹ àkókò ilé ìwé wa. Ẹ mú òwúrọ̀ náà láti inú àkókò iṣẹ́ Yorùbá, kí ẹ so ó mọ́ ti sáyẹ́ǹsì àti ti ẹ̀kọ́ àwùjọ. Àwọn olùkọ́ á ráyè ṣe é láìrú òfin kankan.

Àwọn òbí ló ṣòro jù láti dá lóhùn, torí ìfẹ́ ọmọ ló ń bá wọn sọ̀rọ̀. Èkìtì ò fi ọ̀rọ̀ ìwé ṣeré. Àwọn àgbẹ̀ ta kòkó, wọ́n ta ilẹ̀, kí ọmọ lè kàwé. Tí irú òbí bẹ́ẹ̀ bá gbọ́ pé ọmọ òun ń wo kúlúsọ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí ọmọ ilé ìwé aládàáni ń ka Gẹ̀ẹ́sì fatafata, àyà rẹ̀ á já. Ohun tí mo fẹ́ kó mọ̀ ni pé orúkọ Montessori tí ọ̀pọ̀ ilé ìwé aládàáni ń kọ sára pátákó wọn, orúkọ dókítà obìnrin ará Ítálì kan ni, tó ṣí ilé àwọn ọmọdé rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọdún 1907 ní àdúgbò àwọn tálákà ní ìlú Róòmù. Ohun tó fi lélẹ̀ ni pé ọwọ́ àti ojú ni ọmọdé fi ń gba ìmọ̀ sínú, kí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e. Òbí tó ń san owó gọbọi nítorí orúkọ yẹn, ohun tí orúkọ náà dúró fún wà nínú ọgbà ilé ìwé ìjọba lọ́fẹ̀ẹ́, bí a bá lè lò ó. Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ tó bá ti rí bí iyanrìn ṣe ń yẹ̀, tó ti fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tuntun nìkan ló kù kó kọ́. Ọmọ tí kò rí i, nǹkan méjì ló ń bá jà lẹ́ẹ̀kan náà.

Àtakò kan tún wà tó jẹ́ ti agbègbè wa gan-an. Ìkẹ́rẹ́ wà láàárín àpáta, àpáta Olósùnta sì ga ju gbogbo ilé lọ níbẹ̀. Kò sí ohun èlò ẹ̀kọ́ tó tó o. Ọ̀sán ń mú un gbóná, òru ń mú un tutù, òkúta rẹ̀ sì ń bó ní ìpele ìpele láti ọdún gbọọrọ. Níbi tí ó ti là, erùpẹ̀ díẹ̀ á jókòó síbẹ̀, koríko á hù, igi á tẹ̀ lé e, gbòǹgbò igi á tún mú kí ibi tó là náà fẹ̀ sí i. Ọmọ tó bá rí èyí ti mọ ibi tí ilẹ̀ oko bàbá rẹ̀ ti wá. Ṣùgbọ́n wọ́n ń bọ Olósùnta, wọ́n ń ṣọdún rẹ̀ lọ́dọọdún, àwọn òbí onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí kan kò sì ní fẹ́ kí ọmọ wọn sún mọ́ ibi òrìṣà. Àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ náà lè má fẹ́ kí àwọn ọmọ ilé ìwé máa tẹ ibi ọ̀wọ̀ wọn mọ́lẹ̀. Àwọn méjèèjì ló ní ẹ̀tọ́ sí ìbẹ̀rù wọn. Kò sì sí ìdí tí ọmọdé kankan fi gbọ́dọ̀ gun àpáta náà. Láti inú ọgbà ilé ìwé ni wọ́n ti lè máa wò ó: ibi tí oòrùn ti ń yọ lára rẹ̀ ní oṣù Kìíní àti ibi tó ti ń yọ ní oṣù Kẹfà, ibi tí omi òjò ń gbà ṣàn wálẹ̀, bí ọyẹ́ ṣe ń bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá. Òkúta kékeré tó bó lára àpáta mìíràn lẹ́bàá ọ̀nà tó fún wọn láti fọwọ́ kàn. Ní ti ejò, ọ̀kadà àti odò, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó ọmọ kọjá ọgbà ilé ìwé ní ọdún kìíní ètò yìí. Ohun tó wà nínú ọgbà tó ọdún kan: agolo mílíìkì tí wọ́n gbé síta láti fi rúlà wọn òjò, òjìji igi tí wọ́n ń sàmì sí láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, irúgbìn àgbàdo tí wọ́n gbìn sínú òkùnkùn àti sínú oòrùn.

A ò gbọdọ̀ gbàgbé pé kì í ṣe gbogbo ọmọ tó wà nínú kíláàsì wa ló jẹ́ ọmọ Yorùbá. Ọmọ Ìgbò, ọmọ Ẹ̀bìrà, ọmọ Fúlàní àti ọmọ àwọn tó wá ṣiṣẹ́ oko wà láàárín wọn. Bí wọ́n bá ń wo eèrà, ọmọ Ẹ̀bìrà lè sọ orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé tirẹ̀, kí gbogbo kíláàsì sì gbọ́ ọ. Ohun tó wà níwájú gbogbo wọn ló so wọ́n pọ̀, èyí kò sì ṣeé ṣe bó bá jẹ́ orí pátákó nìkan ni ẹ̀kọ́ wà. Bákan náà ni ti ẹ̀ka èdè wa: ọmọ tó bá pe ilé ní ulé kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Kó sọ ohun tó rí bí ẹnu rẹ̀ ṣe gbé e, Yorùbá àjùmọ̀lò á bá a nínú ìwé.

Ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ ló kù, òun ló sì wúwo jù. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn náà ni wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ, ẹ̀rù lè bà wọ́n pé ọmọ á béèrè ohun tí wọn kò mọ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀; olùkọ́ tó bá sọ pé "ẹ jẹ́ ká jọ wò ó" ti kọ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Yunifásítì Bámidélé Olúmìlúà tó wà ní Ìkẹ́rẹ́, tó jẹ́ Kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ olùkọ́ni tẹ́lẹ̀, ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ nílé ìwé wa lọ́dọọdún. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan máa kọ orúkọ igi, ewé, ẹyẹ, kòkòrò àti irú ilẹ̀ tó bá rí ní ọgbà ilé ìwé tí wọ́n rán an lọ sílẹ̀, pẹ̀lú ohun kan tí ọmọdé lè fi òkọ̀ọ̀kan wọn dán wò. Láàárín ọdún méjì, ìlú kọ̀ọ̀kan á ní ìwé kékeré tirẹ̀. Àwọn ọlọ́gbọ́n ìlú wà tí kò sẹ́ni tó pè wọ́n rí: ọdẹ tó mọ ohùn ẹyẹ, ẹ̀ṣọ́ igbó ọba Ìsẹ̀, ìyá tó ń ta ewé àti egbò, agbẹ́gilére. Ní ti agbẹ́gilére, Ìsẹ̀ ni Ọlọ́wẹ̀, gbajúmọ̀ agbẹ́gilére, gbé títí tó fi kú ní 1938. Ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, ti dé ìpàtẹ Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924, inú British Museum ló sì wà dòní. Ohun tó gbẹ́ sára rẹ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú Ìkẹ́rẹ́: Ògògà lórí àga, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó nínú ohun tí wọ́n fi gbé e, àwọn aláàárù pẹ̀lú ẹrù. Ẹni tó lè gbẹ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti kọ́ bí a ti ń wo nǹkan. Ó yẹ kí àwọn ọmọ Ìkẹ́rẹ́ àti Ìsẹ̀ rí àwòrán ilẹ̀kùn náà kí wọ́n tó rí ti zebra.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe kò le. Ẹ yan ilé ìwé mẹ́ta ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rin tí mo dárúkọ lókè, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní sáà kìíní ọdún ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀. Ẹ mú mẹ́ta mìíràn tí wọn kò ní yí nǹkan kan padà. Kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ béèrè ìbéèrè kan náà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìwé kejì nínú méjèèjì, lẹ́nu, kì í ṣe nínú ìwé: ẹ gbé ewé, òkúta àti kòkòrò kan síwájú wọn, kí ẹ ka iye ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan lè sọ àti iye ìbéèrè tó bi yín. Kí ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìparí ọdún, kí ẹ fi máàkì Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò wọn kún un. Kí ẹ gbé àbájáde rẹ̀ jáde fún gbogbo ará ìlú láti kà, ìbáà dára, ìbáà burú. Bí àwọn ọmọ tó jáde síta bá rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì tàbí ìṣirò, ẹ dá ètò náà dúró, n kò ní bá yín jà. Bí wọ́n bá dọ́gba, tàbí tí wọ́n tayọ, kí ẹ jẹ́ kó dé gbogbo ilé ìwé ìjọba ní Èkìtì.

Mo ń retí èsì yín.

Tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ Àgbàdo-Èkìtì kan